Ṣé ọba so àbí kò so?

Àwọn tó wo Dúró Ládipọ̀ nínú eré Ọba Kòso kì í gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀. Tíṣà ni ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀, ọmọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Áńgílíkà sì ni pẹ̀lú. Àmọ́ bó bá ti dirun, tí bàtá dún, tí iná ń yọ lẹ́nu ẹ̀, ta ló tún ń rántí tíṣà? Ṣàngó ni wọ́n ń wò. Àwọn èèyàn kúkú sọ ọ́ ní Ọba Kòso títí tó fi kú lọ́dún 1978.

Kò ṣàdédé débẹ̀ o. Nígbà tó gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì l'Óṣogbo fún orin Àjíǹde, àwọn àgbà ìjọ yarí. Ló bá kó ìlù ẹ̀ jáde. Lọ́dún 1962, ilé ọtí ẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbé Ọba Kòso jáde lọ́dún 1963. Nígbà tó máa fi di 1964, eré náà ti dé Berlin ní Jámánì, èdè Yorùbá náà ni wọ́n sì fi ṣe é níbẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Àwọn kan ní Ṣàngó pokùn so, àwọn tó ń bọ ọ́ ní ọba kò so. Eré yẹn ò fi ìkankan pa mọ́. Ọba rán Gbọ̀nkáà lọ bá Tìmì l'Ẹ́dẹ, ọ̀rọ̀ náà yí lé e lórí, ìbínú mú un pa àwọn èèyàn ẹ̀, ìlú sì kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà làrá sán. Ọmọ tó bá wò ó, bó bá délé, á bi bàbá ẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé ó so àbí kò so?" Ìgbà yẹn lẹ̀kọ́ ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bíi ọdún 2009 ni wọ́n yọ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Nàìjíríà, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dá a padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà náà, fíìmù ló júwe Ṣàngó fún wọn, fíìmù kì í sì í dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má dúró de ìjọba. Aṣọ pupa kan, onílù kan, ọmọ kan tó lóhùn, ó ti tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ beré bá parí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ká. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n béèrè ohun tó bá wù wọ́n. Àbí kí làǹfààní kéèyàn jí òkú ọba dìde, ká má lè sọ ohun tó pa á?