Fóònù Tuntun Kò Ní Kí A Pa Ìwé Tì

 

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri ìlú àti abúlé wa. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, mo sì fẹ́ bá a jà lónìí. Àwọn kan ń wí pé: «Fóònù ńlá ti dé. Tẹ̀ ẹ́, sọ̀rọ̀ sí i, ohùn rẹ á dé Kútọnu, á dé Gàbọ́ọ̀nù, á dé ilẹ̀ Faransé. Kí ni o tún ń wá ní kíláàsì àgbà?»

Ní kíláàsì wa, obìnrin méjì ti fi ìwé sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ń ta gàrí. Ó wí fún mi lójú ọjà pé: «Olùkọ́, ẹ má bínú. Ohùn ni mo fi ń ránṣẹ́ sí ọmọ mi, ohùn ni òun náà fi ń dá mi lóhùn. Ìwé ti sú mi.» N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo ti rí èsì báyìí.

Mo fẹ́ràn fóònù

Ẹ má rò pé mo kórìíra fóònù. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé kò sí fóònù tuntun tí yóò dé ọjà tí n kò ní lọ wò, bí àpò mi tilẹ̀ gbẹ. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí mo bá rí fóònù, mo máa ń dà bí ọmọdé tó rí àkàrà.

Iṣẹ́ ọgbọ́n ni fóònù. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1973, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Martin Cooper dúró sí ojú títì ní New York, ní Amẹ́ríkà. Ó fi fóònù tí kò ní wáyà pe ẹnìkan tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ náà. Fóònù ọjọ́ yẹn wúwo ju kílò kan lọ. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ Apple gbé iPhone jáde, èyí tí à ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀. Ọdún 2009 ni WhatsApp bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2013, wọ́n fi ohùn tí à ń gbà sílẹ̀ kún un. Àwọn bàbá wa kò lá irú èyí lálàá rí.

Mo sì gbà pé ohùn dára. Ìyá tó wà ní Kétu lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù, ní èdè Nàgó, láìsí pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń rẹ́rìn-ín, ìyá á gbọ́ ọ. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ìyá á mọ̀ ọ́n nínú ohùn rẹ̀. Lẹ́tà kò lè ṣe èyí. N kò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé ohùn nìkan ló ń wọ inú fóònù yín?

Owó kì í sọ̀rọ̀

Ẹ wo owó tí à ń fi fóònù ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi í gba owó ọjà báyìí. Bí owó bá wọlé, kò sí ẹni tí yóò pè yín pé: «Ìyá, owó dé o.» Ìwé kékeré kan ni yóò wá sójú fóònù. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, nọ́ńbà ló sì kún inú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tó ń ta gàrí yẹn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó fi kíláàsì sílẹ̀, ìwé kékeré kan wọ inú fóònù rẹ̀. Ó pe ọmọkùnrin kan tó ń kọjá lọ kó bá òun kà á. Ọmọ náà kà á pé 40 000 sẹ́fà ti wọlé. Kò pẹ́, ọkùnrin kan pè é, ó ń sunkún: «Ìyá mi, mo ṣì í tẹ̀ ni. Owó oògùn ìyàwó mi ni. Ẹ dákun, ẹ dá a padà.» Àánú ṣe é. Ó fi 40 000 ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sanwó fóònù, wọ́n ní owó kankan kò wọlé fún un lọ́jọ́ náà. Olè ló kọ ìwé yẹn. Owó gàrí ara rẹ̀ ló kó fún olè.

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ tó bá a kà á kò purọ́. Ohun tí wọ́n kọ ló kà. Ṣùgbọ́n kò mọ iye tó wà nínú fóònù obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Kò sì wo nọ́ńbà tí ìwé náà ti wá. Ẹni tó ni owó ló yẹ kó wo ìyẹn. Bí obìnrin náà bá lè kà á ni, ì bá wo iye tó ṣẹ́ kù kó tó fi owó kankan ránṣẹ́. «Solde» ni Faransé ń pe iye tó ṣẹ́ kù. S, O, L, D, E. Lẹ́tà márùn-ún péré ni, a sì ti kọ́ gbogbo wọn. Àìmọ lẹ́tà márùn-ún ló gba 40 000 sẹ́fà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ.

Nọ́ńbà àṣírí ńkọ́? Mo ti rí àgbàlagbà tó gbé fóònù fún ọmọ àdúgbò, tó sì ń ké nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ síta láàrin ọjà, nítorí pé kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ṣé ẹ lè fún ọmọ àdúgbò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yín? Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà àṣírí yín, òun àti ẹ̀yin lẹ jọ ni owó náà.

Àwọn kan á ní: «Fóònù tuntun lè ka ìwé sókè fún èèyàn.» Òótọ́ ni, àwọn kan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ń ka iye owó yín sókè láàrin ọjà, ta ni kò ní gbọ́? Ojú yín nìkan ló lè kà á láìjẹ́ kí aládùúgbò mọ̀.

Kì í ṣe fóònù olówó ńlá

Àwọn mìíràn rò pé bí àwọn bá ra fóònù olówó ńlá, ọgbọ́n ti dé. Owó iPhone tó ga jù lè ra alùpùpù tí yóò máa mú owó wálé lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan á tọrọ gbèsè ra fóònù, á gbé e sétí, kò sì ní lè ka orúkọ ẹni tó ń pè é.

Ẹ̀yin ará wa ní Togo, ẹ rántí ọdún 2020. Àrùn Kòrónà dé, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dúró. Ní oṣù kẹrin, ìjọba Togo dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Novissi. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù sí àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn dúró. Obìnrin ń gba 12 250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin ń gba 10 500. Wọn kò béèrè fóònù olówó ńlá. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tó. Èèyàn á tẹ *855#, á ka ohun tí wọ́n bá béèrè, á tẹ nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i. Ẹni tó mọ̀wé á dá a ṣe nínú yàrá rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbé káàdì àti fóònù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra fóònù, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ń ya fọ́tò. Ẹ béèrè bóyá bátìrì rẹ̀ á gbé ọjọ́ kan, pàápàá ní abúlé tí iná kò sí. Ẹ béèrè iye ọdún tí ilé iṣẹ́ náà á fi máa tún un ṣe láti inú. Ní ọdún 2024, Samsung ṣèlérí ọdún 7 fún Galaxy S24. Fóònù olówó kékeré kì í rí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ béèrè, nítorí WhatsApp máa ń kọ fóònù àtijọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú yín, kó sì tún un tàn. Bí ó bá ń béèrè orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ má san owó.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, níbo lẹ ó ti rí i? Ẹni tó lè kàwé ló lè wá ọ̀pọ̀ rẹ̀ rí.

Ẹni tó kọ̀wé là ń gbọ́

Ní ọdún 2018, ìjọba ilẹ̀ Benin gbé owó orí lé WhatsApp, Facebook àti irú wọn. 5 sẹ́fà ni wọn yóò máa gbà lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ìlú kò gbà. Wọ́n kọ ọ́ káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n má ṣe gba owó orí lórí mẹ́gà àwọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba fagi lé e. Ẹ ronú sí i: àwọn tó mọ̀wé kọ ló jà fún gbogbo wa, títí kan ẹni tó ń wí pé ìwé kò wúlò mọ́.

Ohùn pàápàá ń jẹ mẹ́gà ju lẹ́tà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé «Mo ti dé», ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Ẹ kọ ọ́. Ẹ sì lè kọ ọ́ ní èdè wa. Google ní ìtẹ̀wé fún fóònù tó ń jẹ́ Gboard, Yorùbá wà nínú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà ẹ, ọ, ṣ tí a kọ́ ní kíláàsì wà níbẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé àwọn bàbá wa kò kàwé, wọ́n sì gbé ilé ayé. Àwọn bàbá wa ń kàwé o! Ìwé tiwọn ni àrokò. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ó túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà sí i. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ẹni tí kò lè túmọ̀ àrokò kì í fi í yangàn. A máa wá àgbà lọ kó lè kọ́ ọ. Èwo wá ni tiwa tí a fi ń fi àìmọ̀kan yangàn?

Obìnrin tó ń ta gàrí ti padà sí kíláàsì. Lọ́jọ́ tó dé, kò béèrè A, B, D. Ó ní: «Olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ‹solde› hàn mí.» Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó, òun náà sì kọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Obìnrin kejì kò tíì dé. Àyè rẹ̀ ṣì wà.

Iṣẹ́ alẹ́ òní rèé. Ẹ ṣí fóònù yín, ńlá ni o, kékeré ni o. Ẹ wá ìwé owó tó wọlé gbẹ̀yìn. Ẹ fi ẹnu ara yín kà á, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pe ọmọ kankan. Bí ẹ bá kọsẹ̀ níbì kan, ẹ fi ìka sàmì sí i, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì lọ́la. A ó jọ kà á.