Ẹ Jẹ́ Kí Eré Ṣáájú Aláìsàn

Sí Ọlọ́lá, Mínísítà Ètò Ìlera, Burkina Faso

Ọlọ́lá,

Àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Patte d'Oie ní Ouagadougou dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a kí yín. Ilẹ̀ yìí gba àwọn bàbá wa lálejò, ó sì ti di ilé fún àwọn ọmọ wa. Ìyẹn ló fún wa láyà láti wá bẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tó lè jọ ohun kékeré lójú ẹlòmíràn: bí a ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ergothérapie, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní occupational therapy ní Nàìjíríà, láti fọ̀rọ̀ wá ẹni tó wá gba ìtọ́jú lẹ́nu wò. Ìbáà jẹ́ nílùú yìí ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ìbáà jẹ́ òkèèrè ni ẹ rán wọn lọ, ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n.

Iṣẹ́ yìí kò dá lórí oògùn. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá kan, ẹni tí alùpùpù fọ́ lọ́wọ́ lójú títì, iṣẹ́ yìí ló ń ràn án lọ́wọ́ kó lè tún máa wẹ̀, kó máa wọṣọ, kó máa dáná, kó padà sídìí ọjà rẹ̀. Oníṣègùn lè wo fọ́tò egungun. Kò sí fọ́tò tó máa sọ fún ergothérapeute bóyá ohun tó ń dun ìyá kan jù ni pé kò lè ro òkèlè tô mọ́, tàbí pé kò lè jókòó sórí ẹní ìkírun. Ẹnu ìyá náà nìkan ló ti lè gbọ́ ọ. Ní 1991, àwọn ará Kánádà gbé ìwé ìbéèrè kan jáde, Canadian Occupational Performance Measure. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń dárúkọ ohun tó ṣòro fún un níbẹ̀, òun ló sì ń fi máàkì láti 1 dé 10 sí bó ṣe ń ṣe é àti bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn tó. Ìwé tó dára ni. Àmọ́ bí ẹni tó mú un dání kò bá mọ ọ̀rọ̀ bi, òfo ni yóò kọ sínú rẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa kan ní rọpárọsẹ̀. Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ dáadáa tó níwà pẹ̀lẹ́, mú fọ́ọ̀mù jáde. Ó ń fi Faransé béèrè, ọmọkùnrin màmá yìí sì ń túmọ̀. Ṣé màmá lè wẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé wọ́n lè wọṣọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé wọ́n lè dáná? Bẹ́ẹ̀ ni. Màmá kò sì purọ́ lójú ara wọn: omi ń kan ara wọn láràárọ̀, oúnjẹ ń jinná nílé. Àwọn ìyàwó ọmọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyá wo ni yóò sì jẹ́wọ́ níṣojú ọmọkùnrin rẹ̀ pé òun kò lè fọ abẹ́ ara òun mọ́? Fọ́ọ̀mù sọ pé kò sí ìṣòro, wọ́n sì dá màmá padà sílé. A kò dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́bi. Kò tíì sẹ́ni tó jẹ́ kó ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni eré. Ní 1963, dókítà kan tó ń jẹ́ Howard Barrows, ní University of Southern California, kọ́ ẹnì kan tí ara rẹ̀ yá láti ṣe bí aláìsàn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi í kọ́ṣẹ́. Ọ̀nà náà ti tàn káàkiri ayé. World Federation of Occupational Therapists ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo 1,000 wákàtí, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́ gan-an kó tó gboyè. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí eré ṣáájú wákàtí àkọ́kọ́ nínú 1,000 yẹn.

Ọlọ́lá, ìlú wo ni èyí ìbá tún rọrùn fún ju Ouagadougou lọ? Ní 1978 ni Prosper Kompaoré dá Atelier Théâtre Burkinabè sílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèré tó ń ṣe théâtre-forum tí Augusto Boal, ará Brazil, bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣeré tí nǹkan ti dàrú nínú rẹ̀ dé òpin, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀, òǹwòran á wá gòkè rọ́pò òṣèré láti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ sípò òǹwòran yẹn, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá: yàrá kan, ẹní, àpótí ìjókòó, garawa omi, ìkòkò.

Òṣèré kan á jókòó bí ìyá tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, èkejì á ṣe ọmọ tó ń túmọ̀, tó sì ń dáhùn kí ìyá tó lanu. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ láti kí wọn dáadáa kó tó mú bírò. Á kọ́ láti kọjú sí ìyá, kì í ṣe sí ògbufọ̀, á sì wá ọgbọ́n rán ọmọ jáde kó tó kan ọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀. Dípò "Ṣé ẹ lè wẹ̀?" á kọ́ láti sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí àárọ̀ àná ṣe lọ fún mi, látìgbà tí ẹ ti jí." Bí ìyá bá sì dákẹ́, kí òun náà mọ bí a ṣe ń dákẹ́. (Àwa Yorùbá gan-an kò mọ ìyẹn ṣe, kíá la ti fi "ẹ pẹ̀lẹ́" dí àlàfo.) Lẹ́yìn náà, òṣèré á jáde kúrò nínú eré, á sọ ibi tí ojú ti tì í àti ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Èyí níye lórí lójú wa ju máàkì olùkọ́ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè tí wọn yóò fi ṣeré náà. Ní òpin 2023, òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ yìí yí padà: èdè ìbílẹ̀ di èdè ìjọba, Faransé di èdè iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí eré náà wáyé ní Mooré, Dioula àti Fulfuldé, pàápàá nígbà tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé ti ju 2,000,000 lọ ní oṣù kẹta 2023. A kò bẹ̀bẹ̀ fún Yorùbá; Mooré tiwa náà ti dé ojú ọjà.

Ẹ̀rù kan ń bà wá: òṣèré lè sọ aláìsàn di yẹ̀yẹ́ kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, kí àwọn tó ní ìpèníjà ara wà lára àwọn tó ń kọ eré náà àti àwọn tó ń ṣe é. Kí wọ́n sì gbowó iṣẹ́ wọn bí olùkọ́ ṣe ń gbà á; òfin 012-2010 tí ẹ ṣe lórí ẹ̀tọ́ wọn wà níbẹ̀.

Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí ẹ kọ ọ́ sínú ètò ẹ̀kọ́, kí ẹ dárúkọ wákàtí rẹ̀, kí ẹ sì ya owó òṣèré sọ́tọ̀, kó má baà jẹ́ pé olùkọ́ tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i nìkan ni yóò máa ṣe é. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ lè jọ gbìmọ̀, wọ́n ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Obafemi Awolowo, Ilé-Ifẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan sì wà fún un ní Òṣòdì, l'Ékòó. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi kíláàsì kan ṣoṣo dán an wò ná, àwọn àgbà wa tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí ti gbà láti wá jókòó pẹ̀lú àwọn òṣèré, kí wọ́n sọ fún wọn bó ṣe rí.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn ọmọ Yorùbá, Patte d'Oie, Ouagadougou