Ẹni Gbẹ́lẹ̀ Ló Sìnkú: Ọpẹ́ Ẹbí Ẹni Tó Kú sí Òkè Òkun

Ẹni gbẹ́lẹ̀ ló sìnkú. Ẹni sunkún, ariwo ló pa. Òwe yìí le létí ọlọ́fọ̀, ṣùgbọ́n kò síbi tí òótọ́ rẹ̀ ti hàn tó ìgbà tí ikú bá ká arìnrìnàjò mọ́ òkè òkun. Ẹkún wà nílé. Iṣẹ́ wà lọ́hùn-ún. Àwọn tó mọ oríkì olóògbé kò sí nítòsí láti pa ojú rẹ̀ dé, àwọn tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ já gaara ló bá wọn ṣe é. Nítorí náà, ọpẹ́ tí ẹbí ń dá lẹ́yìn irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣehàn. Gbèsè ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó gbẹ́lẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ san án.

Hubert Ògúnǹdé, àgbà òṣèré orí ìtàgé Yorùbá, rìn ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 1947, ó lọ kọ́ ijó ní Lọ́ńdọ̀nù; ní 1967, ó kó àwọn òṣèré rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Montreal, ní Kánádà; kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣeré dé Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló dákẹ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, 1990, Òsósà ìlú rẹ̀, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n sì sin ín sí. Ẹni tó ka èyí nínú ìwé lè rò pé kò ju kí ọkọ̀ òfuurufú gbéra kó sì balẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn òkè òkun àti ilẹ̀ baba ẹni pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọmọ Nàìjíríà bá kú ní ilẹ̀ England lónìí, dókítà ní láti kọ ohun tó pa á sílẹ̀. Ẹnì kan ní láti lọ fi orúkọ òkú sínú ìwé ìjọba, láàárín ọjọ́ 5. Bí ẹbí bá fẹ́ gbé òkú wálé, wọ́n ní láti sọ fún coroner, òṣìṣẹ́ tí ìjọba fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ ikú, kí òkú tó lè kúrò nílẹ̀ náà. Àwọn tó ń tọ́jú òkú á fi oògùn sí i lára kó má baà bàjẹ́, wọ́n á kọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sínú pósí tí wọ́n fi síńkì bò nínú, tí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pa. Ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà náà ní ìwé tirẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀dọ̀ ẹrù ni pósí ń wọ̀, ibi ìkẹ́rùsí pápákọ̀ ni ẹbí sì ti ń lọ gbà á.

Ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ló ní ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ ni, tàbí ará ìjọ, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan, tó pàdánù owó ọjọ́ tí kò fi lọ síbi iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston á pàdé, wọ́n á dáwó, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru á yọ nínú owó ọ̀sẹ̀ wọn fún òkú ẹni tí wọn kò bá jẹun pọ̀ rí.

Kì í sì í ṣe gbogbo òkú ló ń padà. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ African Suite, ó sì di olùkọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ohio ló kú sí ní 1987, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Àwọn kan a máa sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n á sì fi òwe yìí bú ẹbí tó sin èèyàn rẹ̀ sí òkèèrè. Èébú náà kò tọ́. Ẹni tó ti ní akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ àti ìdílé síbì kan ti ní ilé níbẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ni wọ́n ń tún ojú oórì rẹ̀ ṣe.

Ti Mùsùlùmí tún yàtọ̀. Ẹ̀sìn kò fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà ìlú tí ikú ti bá a ni wọ́n sábà máa ń sin ín sí. Lẹ́mọ́ọ̀mù àti ìjọ mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun fún un, tí wọ́n ń kírun sí i lára. Òfin Ìsìláàmù ni pé ojúṣe gbogbo ìjọ ni èyí: bí àwọn kan bá ti ṣe é, ó ti bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Ẹbí tó péjọ sí Ìwó tàbí Ìlọrin fún àdúà ọjọ́ 8 ní láti mọ̀ pé àjèjì ló bá wọn gbé ẹrù yẹn. Nínú àṣà Yorùbá láyé àtijọ́ pàápàá, nígbà tí òkú kò ṣeé gbé wálé, irun àti èékánná ẹni tó kú sájò ni wọ́n ń mú bọ̀ wá fi ṣe ètò ìsìnkú. Ẹnì kan ló gé e, ẹnì kan ló gbé e rìn láti ìlú dé ìlú.

Àwọn alátakò á ní ta ní ń dúpẹ́ ikú, àti pé nọ́ọ̀sì àti atọ́jú-òkú ti gba owó iṣẹ́ wọn. Ikú kọ́ ni wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀. Inú rere tó yí i ká ni. Ní ti owó iṣẹ́, ọdún 2020 ti fèsì. Oṣù Kẹta ni Nàìjíríà ti pápákọ̀ rẹ̀ pa mọ́ ọkọ̀ èrò láti òkèèrè nítorí kòrónà, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i padà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún náà, Tony Allen, ọmọ Èkó tó lu ìlù fún Fẹlá Kútì, dákẹ́ sí Paris tó ti fi ṣe ilé. Lásìkò yẹn, ní ilé ìwòsàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé fóònù sétí aláìsàn kí ará ilé lè dágbére fún un. Kò sí owó oṣù tó ra irú ìyẹn.

Ibi tí ẹbí ti ń kùnà ni ibi tí ọpẹ́ ń lọ. Wọ́n á ra aṣọ ẹbí, wọ́n á ṣe ìsìn ìdúpẹ́, wọ́n á pín ẹ̀bùn ìrántí, wọ́n á ki àwọn ọlọ́lá tó jókòó níwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sun ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì olóògbé kò ní rí ìwé kan gbà. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Yorùbá sì mọ bí oore yìí ti rí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é: Susanne Wenger, ọmọ Austria, dé sí ilẹ̀ wa ní nǹkan bí 1950, Òṣogbo ló kú sí ní 2009, inú igbó Ọ̀ṣun ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ará Òṣogbo ló gbẹ́lẹ̀.

Ọpẹ́ tó péye kò wọ́n. Olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ni kó pè, kó má rán ọmọdé. Kó dárúkọ ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì sọ ohun tí onítọ̀hún ṣe. Kí wọ́n kọ̀wé sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tọ́jú olóògbé. Kí ẹgbẹ́ tó dáwó gbọ́ iye tó dé ọwọ́ ẹbí àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Kí èyí sì ṣáájú àpèjẹ. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló jẹ́ pé nínú irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ bí èèyàn wọn ṣe gbé ayé lọ́hùn-ún: orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, oúnjẹ tó béèrè kẹ́yìn, ọmọ ọlọ́mọ tó ń san owó ilé ìwé fún láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ẹbí pè yìí kan náà ló sì sábà máa ń mọ ibi tí ìwé tí ilé ìfowópamọ́ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè wà, kí owó tó fi sílẹ̀ tó lè dé ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.