Ọ́ìlì Tí Ìwé Mọ́tò Yín Bá Pè Ni Kí Ẹ Dà Sí I



Ní Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Treichville kó ìyàwó àti ọmọ méjì sínú mọ́tò, wọ́n ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Bouaké. France au revoir ni mọ́tò náà, àmọ́ kì í ṣe mọ́tò tí èèyàn ń fojú kékeré wò. Ó ní turbo. Tó bá ti bọ́ sórí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí àríwá, kò sí gbaka tó lè bá a sáré. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Yamoussoukro ni ìró kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn níwájú bí ẹni ń fun fèrè. Èéfín búlúù ń jáde lẹ́yìn, iná pupa tó ní àwòrán ike ọ́ìlì sì tàn. Orí ló bá wọn ṣe é tó fi yà sẹ́bàá ọ̀nà, tó sì pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Inú oòrùn ni tọkọtìyàwó àtàwọn ọmọ wà títí ọkọ̀ tó wá fà wọ́n fi dé. Turbo ti bàjẹ́ pátápátá. Owó tó fi ra òmíràn ju owó ọ́ìlì ọdún mẹ́wàá lọ.

Nígbà tó wá bá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ọ́ìlì wo lẹ ń dà sí i?"

Ó ní, "20W-50 ni, Bọ̀ọ̀dá. Mẹkáníìkì mi ní ooru Abidjan ti pọ̀ jù, pé ọ́ìlì tó bá ki dáadáa nìkan ló lè gbà á."

Mi ò bá mẹkáníìkì yẹn jà. Ìdí Peugeot 504 ló ti kọ́ṣẹ́, 20W-50 kò sì ṣe 504 ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ.

Kí ni nọ́ńbà ara ike ọ́ìlì ń sọ? Ẹ wo epo pupa wa. Lásìkò ọyẹ́, á dì nínú ìgò; bí a bá gbé e kaná, á máa ṣàn bí omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì mọ́tò rí. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bó ṣe ń ṣàn nígbà tó bá tutù. Bó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì á ṣe tètè kárí inú ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá tan mọ́tò láàárọ̀. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ooru Abidjan ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná délẹ̀, omi tó ń tù ú lára máa ń wà ní nǹkan bí 90°C, ì báà jẹ́ ní Abidjan, ì báà jẹ́ ní Paris. Ohun èlò kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá a dúró síbẹ̀. Nítorí náà, oòrùn ìta nìkan kọ́ la fi ń yan ọ́ìlì. Àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín irin àti irin nínú ẹ́ńjìnnì náà la fi ń yàn án, ẹni tó ṣe mọ́tò ló sì mọ bí àlàfo yẹn ṣe tó.

Ti turbo tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, èéfín gbígbóná tó ń ti ẹ́ńjìnnì jáde ló sì ń yí i. Ọ́ìlì tó ń gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wá ni kò jẹ́ kí irin àárín rẹ̀ jó. Ọ́ìlì tí wọn ò ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn á máa jóná mọ́ inú páìpù náà, bí ọbẹ̀ ṣe ń jóná mọ́ ìdí ìkòkò, títí ọ̀nà á fi dí. Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa.

Ẹ má gbọ́ ọ sí pé ọ́ìlì tó ṣàn ló dára jù fún gbogbo mọ́tò eléré o. BMW M3 tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2000 sí 2006 ń lo 10W-60, èyí tó ki ju 20W-50 lọ nígbà tó bá gbóná. Nissan GT-R ń lo 0W-40. Eléré ni méjèèjì, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn kò dọ́gba.

Nọ́ńbà yẹn nìkan kò sì tó. Ẹ wo ẹ̀yìn ike. Níbi tí wọ́n kọ API sí, S wà fún mọ́tò tó ń lo bẹntiróò, C wà fún dísù. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé S ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe jẹ́ ti ìgbàlódé tó: SN dé ní 2010, SP dé ní 2020. Lẹ́yìn náà ni ìfọwọ́sí ẹni tó ṣe mọ́tò, irú bíi VW 504 00, BMW Longlife-04 tàbí MB 229.5. Bí ìfọwọ́sí tí ìwé yín béèrè bá wà lára ike, kò pọn dandan kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọ́ìlì náà jẹ́ èyí tó lókìkí jù.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan gbogbo ilé báyìí? Láti oṣù keje ọdún 2018, òfin ilẹ̀ wa kò gba kí a kó mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tó ti ju ọdún márùn-ún lọ wọlé mọ́. Àwọn tó ń dé èbúté wá kéré lọ́jọ́ orí, turbo sì wà lára púpọ̀ nínú wọn, títí kan èyí tí a fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Nínú ẹ́ńjìnnì Peugeot 1.2 PureTech tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, inú ọ́ìlì ni bẹ́líìtì tó ń yí camshaft wà. Ọ́ìlì tí kò yẹ lè jẹ bẹ́líìtì náà, kí èérún rẹ̀ sì dí ọ̀nà ọ́ìlì.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́:

Ẹ ṣí ìwé mọ́tò, kí ẹ da ohun tó wà níbẹ̀ kọ. Bí kò bá sí ìwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú mọ́tò náà.

Ẹ fúnra yín ra ọ́ìlì níbi tó ṣeé fọkàn tán, kí ẹ sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì já ìdérí rẹ̀. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ lu ike náà kí ẹnikẹ́ni má bàa rọ ayédèrú sínú rẹ̀.

Ẹ má dúró de 30,000 kìlómítà tí wọ́n ń sọ ní Yúróòpù kí ẹ tó ṣe vidange. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, eruku àti ìrìn kúkúrú máa ń tètè lo ọ́ìlì tán. Ọ̀pọ̀ ìwé mọ́tò ló ní kí a dín in kù fún irú ìlò bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa wọn ọ́ìlì kí ẹ tó rin ìrìn àjò jíjìn. Bí ẹ bá sáré dé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á. Bí iná pupa ọ́ìlì bá sì tàn, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó rọra wà á dé ìlú tó kàn.

Ọmọ wa ti padà sójú ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ orúkọ ọ́ìlì náà sórí bébà, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí òun ló sábà máa ń gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá náà, ó sì gbé ike ọ́ìlì tó ti rà fún un. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, èyí tí ìwé rẹ̀ pè rèé." Ọ̀gá ka bébà náà, ó wo ara ike, ó sì dà á sí i.