Páwà Yín Kò Kú: Èsì fún Àwọn Tó Ní Iná NEPA Ló Pa Á

Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ní Okaka níbí, ní Òtu, títí dé Ìsẹ́yìn: "Páwà kọ̀ǹpútà yìí ti kú. Iná NEPA ló jó o. Wọn kì í tún páwà ṣe, ẹ lọ ra òmíràn." Ọ̀rọ̀ náà ti wá dà bí àdúrà ìparí ìpàdé: ẹnì kan á sọ ọ́, gbogbo ilé á ṣe àmín. Èmi ò ṣe àmín. Irọ́ méjì ló so kọ́ra níbẹ̀: pé iná ló pa á, àti pé ó ti kú. NEPA tí ẹ ń dárúkọ gan-an ló ti kú. Láti 2005 ni wọ́n ti sọ ọ́ di PHCN, ní 2013 wọ́n ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, síbẹ̀ ẹ ṣì ń fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan òkú.

Obìnrin kan wà nílùú yìí tó ń tẹ ìwé, tó ń ṣe fótókọ́pì. Ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó tí ẹ ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń tẹ púpọ̀ nínú wọn. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá láàárọ̀, mo bá CPU rẹ̀ lórí àpáta, nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbódó àwọn ẹlòmíràn tó ń gbẹ.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé kọ̀ǹpútà náà fẹ́ di èlùbọ́ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá onírédíò, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mi ò bá sá a, kò ní í tàn."

Ó ní láàárọ̀ tí òtútù bá mú, òun á tẹ bọ́tìnnì títí ọwọ́ á fi máa ro òun. Fáànù á yí lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Bí oòrùn bá ti mú un fún bíi wákàtí méjì, á tàn bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí, á sì ṣiṣẹ́ dalẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ èèyàn méjì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti wò ó, ohun kan náà ni wọ́n sọ: NEPA ti jó páwà, kó lọ ra òmíràn. Ẹnì kẹta tiẹ̀ ní kó ṣọ́ra fún àwọn ayé.

Ẹ jọ̀ọ́, òkú wo ló ń kú láàárọ̀ tó ń jí lọ́sàn-án? Ohun tí iná bá ti jó, ó jó náà nìyẹn. Oòrùn Okaka mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mú débi tí á sọ eérú di igi padà.

Mo yọ páwà náà kúrò nínú CPU, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì tú u lójú rẹ̀. Ọjà olówó pọ́ọ́kú ni. Wọ́n kọ 500W sí i lára gàdàgbà, ó sì fúyẹ́ bí agolo bísíkíìtì tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán. Skúrù mẹ́rin ni. Eruku tó wà lára fáànù tó ohun tí èèyàn lè gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Mo fi mítà yẹ fíúsì wò: kò já. Mo ní kó wò ó fúnra rẹ̀, kó wo bí gíláàsì rẹ̀ ṣe mọ́ kedere. Bí iná bá fi agbára apànìyàn wọlé, fíúsì sábà máa ń já, gíláàsì rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò, òórùn rẹ̀ ò sì ní í jẹ́ kí ẹ jókòó sí yàrá. Kò sí òórùn níbí. Kò sí ohun tó dúdú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kapásítọ̀ mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn wáyà olóríṣiríṣi àwọ̀ ti jáde, tí orí wọn ti wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Orí kapásítọ̀ tó yè máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú ọpọ́n. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fa ìlà bí àgbélébùú sí i lórí, kó lè ráyè là jẹ́jẹ́ bí inú rẹ̀ bá ru. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ti là, ohun aláwọ̀ ilẹ̀ kan sì ti sun jáde, ó gbẹ mọ́ ọn lórí.

"Ohun kékeré yìí?" Ohun tó sọ nìyẹn, mo sì mọ̀ pé inú ń bí i.

Kí ni ohun kékeré yìí ń ṣe? Ẹ wo àmù inú ilé. Ẹni tó ń pọnmi ń gbé garawa kan dé, ó di ìgbà díẹ̀ kó tó tún gbé òmíràn dé. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò dúró dè é, torí àmù wà láàárín. Iná tó ń ti inú páwà jáde ń wá ní gìrì, gìrì, bẹ́ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún gìrì nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ò fẹ́ gìrì. Fóòtì 12, 5 àti 3.3 tó dúró sójú kan ló fẹ́, kapásítọ̀ sì ni àmù náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni aluminiọmu tí wọ́n tẹ̀ títí tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n ká bí ẹní, pẹ̀lú bébà tí wọ́n rẹ sínú omi kẹ́míkà láàárín. Omi yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Ooru á máa fà á gbẹ díẹ̀díẹ̀, àmù á máa kéré, ẹnu rẹ̀ á sì máa fún. Bí òtútù bá wá mú ìwọ̀nba omi tó kù, á lọ́ra. Bí oòrùn bá ràn án, á tún jí díẹ̀. Ìdí tí kọ̀ǹpútà yẹn fi ń yá oòrùn bí àgbàlagbà nìyẹn. Àwọn ayé ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò ní iye. Ara kapásítọ̀ ni wọ́n ń kọ ooru tó lè fara dà sí: 85°C tàbí 105°C. Ká ní wákàtí 2,000 ni ilé iṣẹ́ ní á lò nínú ooru yẹn. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ iná ń lò ni pé bí ooru bá ti fi 10°C dín, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Nínú páwà tó gbóná tó 65°C, ẹni 105 á lo wákàtí 32,000. Ẹni 85 á lo 8,000 péré. Ẹ tan kọ̀ǹpútà fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ẹni 85 á ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì àti oṣù díẹ̀. Bí eruku ọyẹ́ bá wá dí fáànù, tí ooru gun 75, ẹ tún pín in sí méjì. A ò tíì dárúkọ iná o.

Àwọn kan á ní, "Torí pé ayédèrú ni." Ó dáa. Ṣé Dell náà ṣe ayédèrú? OptiPlex tí ẹ ń rà ní tókunbọ̀, tí ẹ ń yìn pé irin ni, ó nírú ìtàn yìí. Ìwé tó jáde nínú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní 2010 fi hàn pé láàárín oṣù karùn-ún 2003 sí oṣù keje 2005, kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 11.8 ni Dell kó jáde tó ṣeé ṣe kí kapásítọ̀ burúkú bà jẹ́; GX270 àti GX280 wà nínú wọn. Bíi mílíọ̀nù 300 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti tún wọn ṣe. Orí mọ́dàbọ́ọ̀dù ni ti wọn wà, kì í ṣe inú páwà, ṣùgbọ́n wíwú kan náà ni, lílà kan náà ni. Ọ́fíìsì tí iná kì í ti í ṣẹ́jú ni wọ́n gbé wọn sí. NEPA dé Amẹ́ríkà ni?

Irọ́ kejì ni pé ó ti kú, pé wọn kì í tún páwà ṣe. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, oníbàárà á gbé páwà wá, ọ̀gá á gbé e mì lẹ́tí, á mi orí, á ní, "Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni." Oníbàárà á ra òmíràn lọ́wọ́ wa, á sì fi ti àná sílẹ̀ fún wa, torí kí ló fẹ́ fi òkú ṣe nílé? Tó bá di alẹ́, èmi ni mo máa ń pa kapásítọ̀ rẹ̀ dà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ti nù ún, a ti tò ó sórí káńtà, a sì ti ń pè é ní tókunbọ̀. Mo ṣe é, mi ò lè sọ iye ìgbà. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé páwà ṣeé tún ṣe.

Ní 2005 tí NEPA kú yẹn náà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network wá wo èbúté Èkó àti ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà. Wọ́n kọ ọ́ pé bíi kọ̀ńténà 500 àlòkù ló ń wọlé lóṣù kan, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ pàǹtí tí kò wúlò mọ́. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n inú pàǹtí yẹn ni àwọn ọmọ wa ti ń fa kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ yọ, tí wọ́n fi ń kọ́lé. Ó wá yani lẹ́nu pé àwa tí à ń jí òkú òyìnbó dìde la ń sọ pé tiwa ò lè jí.

Ìyẹn ò ní kí n máa yin iná o. Bí wáyà níútírà bá já lórí òpó, iná tó lé ní fóòtì 400 lè wọ ilé, ohun tó bá sì pàdé nínú ilé kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́. Jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour tó ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe kò ran páwà lọ́wọ́. Mo ti rí ẹni tó ti suíìṣì pupa ẹ̀yìn páwà sí 115 nítorí ó rò pé á dín iná kù. Ó dún bí ìbọn. Àwọn wọ̀nyẹn lẹ lè pè ní òkú, ẹ ó sì mọ̀ wọ́n: fíúsì á ti já, bọ́ọ̀dù á ti dúdú, ojú ohun tó jó á ti là. Mi ò ní kí ẹ tún wọn ṣe. Ohun tí mò ń bá yín jà sí ni pé ẹ kì í ṣí i wò kí ẹ tó sin ín.

Ẹni tó ní kí èèyàn lásán má tú páwà, òótọ́ ni tirẹ̀, n ò sì ní í yí i padà nítorí àríyànjiyàn. Kapásítọ̀ ńlá méjì tó wà ní ìhà ibi tí iná ti ń wọlé máa ń di iná tó lé ní fóòtì 300 mọ́nú, àní lẹ́yìn tí ẹ ti yọ kéèbù. Mo máa ń yọ kéèbù, máa lọ jẹun, máa wá fi gílóòbù àtijọ́, irú èyí tí wáyà inú rẹ̀ ń pọ́n, fa èyí tó kù jáde, máa tún fi mítà wò ó. Àwọn tó ń fi súkúrúdíráífà kàn án kó lè ta pàrà, wọ́n ń ṣeré ni. Bí ẹ ò bá ní mítà, ẹ má tú u. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní.

"Okaka la wà, níbo la ti fẹ́ rí kapásítọ̀?" Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sórí bébà, mo fi rán awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn, ó dé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì ńlá kan. 105°C ni mo ní kó rà, èyí tí wọ́n ṣe fún páwà, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ lára rédíò. Iye µF á bá ti àtijọ́ mu. Fóòtì lè pọ̀ jù ú lọ, kò gbọ́dọ̀ dín. Ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ négétíìfù. Ẹni tó bá gbé e sódì á gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo tún pa ẹnì kẹrin dà, kékeré kan tó fara ti irin tó ń gbóná, tí orí rẹ̀ kò wú rárá. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é lábọ̀ ti ń pàdánù. Òun ló wà nídìí wáyà àwọ̀ àlùkò, fóòtì 5 tó máa ń wà lójúfò kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Bí omi rẹ̀ bá gbẹ, páwà kò ní í jí. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú kan, fóòtì 5 yẹn á máa gun òkè, á sì jó mọ́dàbọ́ọ̀dù. Ìyá tó ń sá kọ̀ǹpútà lóòrùn kò mọ̀ pé ohun tó lè jó ilé lòun ń yá.

Mo fún eruku jáde, mo so gílóòbù 100W mọ́ ọ̀nà iná rẹ̀ ká má baà gbọ́ àrá, mo tàn án. Gílóòbù mọ́ fìrí, ó ṣú. Ó dára. Wáyà àlùkò: 5.08. Mo so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú, fáànù yí, ó sì ń yí lọ. Lọ́jọ́ kejì, aago méje kò tíì lù, ọyẹ́ ń fẹ́, ìyá náà tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó gbé páwà rẹ̀ tó kú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kó jókòó tì mí. Bí fíúsì bá já tí bọ́ọ̀dù sì dúdú, mo gbà pé iná ló pa á, n ò sì ní í gba kọ́bọ̀. Bí orí kapásítọ̀ bá wú, ẹ ó san owó kapásítọ̀ àti owó iṣẹ́ mi, ẹ ó sì gbé èyí tí mo yọ lọ fi han ẹni tó ní kí ẹ lọ ra òmíràn. Kí ẹ sì mú kéèbù rẹ̀ dání. Gbogbo yín lẹ máa ń gbàgbé kéèbù.