Owena, Omega, Spring, Enterprise, Heritage: Báńkì Kan, Orúkọ Márùn-ún

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Óde-Ayé tẹ́ ẹ ń ta epo, tẹ́ ẹ ń ta gàrí, tẹ́ ẹ ń kówó lọ sí báńkì, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Tiwa ni.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ni Owena Bank. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di Omega. Soludo, ọ̀gá CBN, wá ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Ni Omega bá da ara pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, wọ́n di Spring. Lóṣù kẹwàá ọdún 2009, Sànúsí yọ ọ̀gá Spring nípò. Ní 2011, Spring di Enterprise. Ní 2014, Heritage rà á. Nígbà tó di ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2024, CBN gbàwé àṣẹ Heritage. Ó parí!

Ẹ ò rí i pé pátákó ìta ni wọ́n kàn ń kùn? Àìsàn inú ńkọ́?

Gbèsè àwọn ẹni ńlá ló ń pa báńkì, kì í ṣe ti ìyá ẹlẹ́po. Cecilia Ibru tó jẹ́ ọ̀gá Oceanic lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 ní 2010, ilé ẹjọ́ sì gba dúkìá bíi bílíọ̀nù 191 náírà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn aláṣẹ máa ń mọ̀ kí àwa tó mọ̀. Wọ́n ní báwọn bá pariwo, gbogbo ayé á sáré lọ gbowó, báńkì tí ì bá yè á kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń jìyà ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Lórí Heritage, mílíọ̀nù 5 náírà ni NDIC fi ẹnì kan lọ́kàn balẹ̀ mọ. Ẹni tówó ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró di oṣù kẹrin ọdún 2025, ìpín àkọ́kọ́ sì jẹ́ kọ́bọ̀ 9.2 lórí náírà kan. Mílíọ̀nù kan tó há síbẹ̀ di ẹgbẹ̀rún 92!

Sànúsí gbé orúkọ àwọn ajẹgbèsè sínú ìwé ìròyìn ní 2009. Ẹ jẹ́ kó di ti ọdọọdún, kówó tó tán, kì í ṣe lẹ́yìn ìsìnkú.

Ní tiyín, ẹ má kó gbogbo owó sójú kan. Báńkì kékeré, mílíọ̀nù 2 ni NDIC dúró fún. Ti alájọ, kọ́bọ̀ kan ò sí ńbẹ̀. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí o.