Ẹ Fún Ìpìlẹ̀ Lágbára Kí Ẹ Tó Kun Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí ni mo fi kí gbogbo ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ wà nínú ọgbà yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi òru kọ́ ìlú lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ géèmù Cities: Skylines ni mo gbé dé. Àríyànjiyàn tí ó wà lórí rẹ̀ láàárín wa kò kéré. Àwọn kan ní ẹni tí ó bá lo mod, màgòmágó ni ó ń ṣe. Àwọn mìíràn ní láìsí mod géèmù náà kò ṣeé wò. Wọ́n á kó mod ẹwà rẹpẹtẹ jọ, kọ̀ǹpútà á máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á sì máa fi àwòrán rẹ̀ yangàn. Èmi kò sí lẹ́yìn ìkíní, n kò sì sí lẹ́yìn ìkejì. Èrò mi ni pé mod dára, ṣùgbọ́n èyí tí yóò jẹ́ kí géèmù yá ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí èyí tí yóò mú un rẹwà máa tẹ̀lé e bọ̀.

Kí ni mod? Àfikún tàbí àtúnṣe tí òṣèré fúnra rẹ̀ ṣe sí géèmù tí ilé-iṣẹ́ kan ti ṣe tà ni. Kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Will Wright àti ilé-iṣẹ́ Maxis gbé SimCity jáde ní 1989. Nígbà tí SimCity 4 dé ní 2003, àwọn òṣèré kóra jọ, wọ́n ṣe Network Addon Mod láti tún ọ̀nà àti ìrìn ọkọ̀ inú rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kẹta 2013, SimCity mìíràn jáde, wọ́n sì ní dandan ni kí ènìyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè ṣeré. Èrò pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà lè gbà lọ, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti sanwó kò sì rí i ṣí. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa tí a ń ṣọ́ data lò bí ẹni ń ṣọ́ omi lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2015 ni Colossal Order, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Tampere ní Finland, ṣe Cities: Skylines, Paradox Interactive ti Sweden ni ó tà á. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún mod nínú Steam Workshop. Ilẹ̀ 9 péré nínú 25 ni géèmù náà gbà kí ènìyàn rà, ṣùgbọ́n mod kan sọ ọ́ di 81. Ẹni tí ó bá wá ní màgòmágó ni, ẹ bi í léèrè: ta ni a jà lólè? Onílé fúnra rẹ̀ ni ó fi kọ́kọ́rọ́ lé àlejò lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìnira ti ń wá. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń ru ẹrù géèmù yìí. Èkíní ni CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí ó ń ṣírò ibi tí àwọn ará ìlú ń lọ, ọ̀nà tí wọn yóò gbà àti ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀. Èkejì ni RAM, ibi tí gbogbo ilé, igi àti ọkọ̀ tí a kó wọlé ń gbé. Ẹ̀kẹta ni káàdì àwòrán, tí ó ń ya ohun tí ojú ń rí. Ẹni tí kò bá mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń ké, oògùn orí ni yóò máa fi wo ẹsẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ RAM ni ó kún, kọ̀ǹpútà yóò máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sínú háàdì dísìkì, géèmù yóò sì máa rìn bí ìgbín. Loading Screen Mod ni ó mọ oògùn èyí: bí àwòrán kan náà bá wà lára ilé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò gbé e wọlé, gbogbo wọn yóò sì jọ lò ó. Ó sì lè fi àwọn ilé tí a kò lò sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ CPU, FPS Booster lè dín díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò sí mod tí yóò sọ ọpọlọ àgbàlagbà di ti ọmọdé bí èrò ìlú bá ti pọ̀ jù. Kódà Traffic Manager: President Edition, tí gbogbo wa fẹ́ràn nítorí pé ó ń tú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, fúnra rẹ̀ ń fi kún iṣẹ́ CPU. Bí ó bá jẹ́ káàdì àwòrán, Dynamic Resolution lè jẹ́ kí ó ya àwòrán tí ó kéré sí ojú kọ̀ǹpútà. Yóò ṣe bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò yá.

Wọ́n á ní, "Ṣé kí a máa wá wo ìlú játijàti ni?" Rárá o. Relight àti Ultimate Eyecandy ń tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe, àwọ̀ lásán kò sì wúwo púpọ̀. Ohun tí ó wúwo ni òjìji tí ó mú ketekete, àti igi tàbí ilé tí a fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún igun ya. Yorùbá kò kórìíra ẹwà, ṣùgbọ́n àwa náà ni a sọ pé ìwà lẹwà. Ìwà géèmù ni bí ó ṣe ń rìn. Bí a bá na ọwọ́ sí i, ṣé yóò dáhùn? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni a ń lò. Bí káàdì àwòrán bá ń ṣiṣẹ́ kárakára, bátìrì kì í pẹ́ kú, epo jẹnẹrétọ̀ sì kì í ṣe omi òjò.

Kí ẹnikẹ́ni má wá tìtorí pé mod wà, kí ó tú àwọn oníṣòwò sílẹ̀. Cities: Skylines II jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 2023. Kí ó tó jáde ni wọ́n ti kìlọ̀ pé kò tíì yá tó bí wọ́n ṣe fẹ́, síbẹ̀ wọ́n tà á. Àwọn òṣèré tú inú rẹ̀ wò, wọ́n bá eyín lẹ́nu àwọn ará ìlú, eyín tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè rí láti òkè! Oṣù kẹta 2024 ni ọ̀nà mod tó ṣí lórí Paradox Mods. Oṣù náà gan-an ni wọ́n tún ta àfikún Beach Properties, ariwo pọ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò dá owó padà. Ẹni tí ó ta ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò kò lè máa retí pé àwọn aládùúgbò ni yóò bá òun bò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n yọ àwọn mod kan kúrò lórí Steam Workshop, nítorí pé ẹni tí ó ṣe wọ́n fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé sínú wọn. Nítorí náà, mod kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa fi sí i, kí ẹ dán an wò, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìlú yín síbòmíràn kí ẹ tó gba àtúnṣe tuntun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ni ó jẹ́ pé ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì nìkan ni ó ń rí Ìbàdàn. Ilé Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ni ó bá géèmù yìí wá jù. Wọ́n ta àkójọ kan tí ń jẹ́ Africa in Miniature. Ó dára, ṣùgbọ́n Áfíríkà kì í ṣe ìlú kan. Ta ni yóò ya Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929? Ta ni yóò ya Cocoa House? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa yíya ilé àti ẹ̀yin ti kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni Blender, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà á kí ó fúyẹ́. Mápó tí kò lè ṣí lórí láptọ́ọ̀pù ẹni tí ó tálákà jù nínú wa, Mápó àwọn olówó nìkan ni.

Ẹ fún ìpìlẹ̀ lágbára, ẹ̀yin ará. Ọ̀dà yóò dé bá a. Ire o.